Èkù Ìbọn Tó Gbóná Nínú Òtútù

Èkù ìbọn náà gbóná, ohun tó sì yẹ kó lé gbogbo wa jáde nìyẹn. Inú ilé ńlá tí wọ́n ti ń fi màlúù díje nígbà ẹ̀ẹ̀rùn la ti máa ń ná ọjà ìbọn ní Ellery, ní ilẹ̀ Kansas wa, tí yìnyín bá ti bo pápá. Òrùlé páànù ló ní, òtútù ibẹ̀ kò sì mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, kọfí ń tutù kí èèyàn tó gbé e dé ẹnu, irin orí tábìlì sì ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n èkù tí ìyá arúgbó kan mú wá gbóná bí ẹyin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ lábẹ́ adìyẹ. Mo fi ìka kan kàn án, mo sì yára fa ìka mi padà.

Nadine lorúkọ mi. Àpò awọ tí wọ́n ń fi ìbọn sí ni mò ń rán, tí mo sì ń tà. Verlin Stucker ló máa ń jókòó ní tábìlì tó kángun sí tèmi, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń rẹ́rìn-ín láìfi eyín hàn. Èkù ìbọn ìléwọ́ àtijọ́ ni tirẹ̀: awẹ́ méjì tó máa ń bo ìdí ìbọn lọ́tùn-ún lósì, níbi tí ọwọ́ ti ń dì í mú. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé nǹkan yẹpẹrẹ ni. Ẹni tó mọ̀ á máa wá a kiri bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù, torí pé awẹ́ méjì tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́ láyé àwọn bàbá ńlá wa lè wọ́n ju ìbọn tó wà lára rẹ̀ lọ. Verlin náà máa ń gbẹ́ tuntun. Bó bá gbẹ́ orí màlúù sára igi, èèyàn á máa retí kó ké. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ yẹn ni oko rẹ̀, òun náà ni ilé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ kò dùn mọ́ ọn tó iṣẹ́ ẹnu. Opó tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, tó kó ẹrù ọkọ wá sọ́jà nínú páálí, òun ni oúnjẹ Verlin. Yóò mú èkù tó jẹ́ eyín erin gidi, yóò yí i síwá sẹ́yìn, yóò mí kanlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ túfọ̀. "Ike ni, màámi," yóò wí. "Ẹ má bínú. Ṣé kí n bá yín gbé e kúrò nílẹ̀?" Opó á gba dọ́là díẹ̀, á tún máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mímọ̀ rẹ̀ kò le. Bí èèyàn bá fi ike kan ètè, kì í tutù. Eyín erin a tutù. Egungun màlúù a ní àmì dúdú kéékèèké bí ibi tí abẹ́rẹ́ gún. Eyín erin nìkan ló ní ilà wínníwínní tó dábùú ara wọn ní ìdí rẹ̀, bí ẹní tí wọ́n hun, kò sì sí ẹni tó lè hun irú ẹní yẹn sínú ike. Jíjókòó tí mo jókòó ti Verlin ló jẹ́ kí n mọ gbogbo èyí, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ó ní ọmọbìnrin kan, Darla, tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ní kékeré. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ Darla ń kọ́ orin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yìn tábìlì mi ni bàbá rẹ̀ ti ń kọ́ ọ ní irọ́. "Má sáré sọ ọ́," a máa wí fún un. "Kọ́kọ́ dákẹ́. Jẹ́ kí ojú rẹ rọ̀. Kí wọ́n rò pé àánú wọn ló ń ṣe ọ́." Ọmọ yẹn á gbójú sókè, á ní, "Ike ni, màámi," omi á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e lójú. Bàbá á fi súìtì sí i lẹ́nu. Nígbà tó dàgbà, ó kó lọ sí apá Salina, ó ní tábìlì tirẹ̀ ní ọjà ibẹ̀, àwọn èèyàn sì ń sọ pé ó ti ju bàbá rẹ̀ lọ. Bí Verlin bá gbọ́ ọ, inú rẹ̀ á dùn dé etí. Láyé ńbí, Darla nìkan ló fẹ́ràn.

Òfin kan wà tí gbogbo wa ń pa mọ́ lọ́jà yẹn, àwọn olè àárín wa pàápàá ń pa á mọ́: ohun tí ọwọ́ ẹnì kan bá ti wà lórí rẹ̀, òun ló ń ná an. Ẹlòmíì kò gbọdọ̀ dá sí i títí yóò fi gbé e sílẹ̀. O lè rí i kedere pé wọ́n ń rẹ́ni jẹ, ẹnu rẹ ni wàá pa mọ́. Ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe lé ọkùnrin kan jáde nítorí pé ó wúkọ́ lásìkò tí kò yẹ.

Ìyá tó mú èkù gbígbóná yẹn wá ń jẹ́ Hulda Brungardt, opó àgbẹ̀ kan tí oko rẹ̀ wà lẹ́yìn ìlú. Wọn kò tíì ṣí ilẹ̀kùn fún ará ìta; àwa tí a ní tábìlì nìkan la wà nínú ilé. Ṣíbí, ife àti aago tó ti kú ló tò sórí tábìlì rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ó sì ti ọwọ́ ọ̀tún bọ abẹ́ ìborùn. Verlin ṣẹ́jú sí mi, bí ológbò tó gbóòórùn ẹja, ó sì rìn lọ bá a. Mo tẹ̀ lé e, torí pé ojúmìító ń ṣe mí.

"Ẹ kú òtútù, màámi. Ṣé kò sí nǹkan tí bàbá fi sílẹ̀ nínú ẹrù yìí?"

Ìyá náà wò ó fún ìgbà pípẹ́. "Wọ́n ní ìwọ lo mọ èkù," ó ní. Ohùn rẹ̀ kò ju ohùn ẹni tó wà nínú ilé aláìsàn lọ. "Wọ́n ní kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó ọ."

"Wọ́n kàn ń pọ́n mi lé ni, màámi."

"Bá mi wo èyí. Kí o sọ ohun tó jẹ́ fún mi, fúnra rẹ. Mi ò gbà ju ogún dọ́là lọ."

Ó yọ ọwọ́ ọ̀tún jáde lábẹ́ ìborùn. Ọwọ́ náà dì mọ́ awẹ́ èkù méjì tí ìṣó tẹ́ẹ́rẹ́ kan so pọ̀, kò sí ìbọn kankan láàárín wọn. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí bọ́tà tó ti pẹ́, ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti dán an títí kò fi sí igun kan lára rẹ̀ mọ́. Ìdí rẹ̀ yọ síta láàárín ìka ìyá náà. Verlin bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó gbé gíláàsì tó fi ń wo nǹkan wínníwínní sójú, èmi náà sì na ọrùn. Ẹní wà níbẹ̀. N kò rí èyí tí híhun rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìgbà náà ni mo fi ìka kàn án.

"Ó mà gbóná, Verlin," mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

"Ọwọ́ wọn ló mú un gbóná. Gbẹ́nu ẹ dákẹ́, Nadine."

Ṣùgbọ́n ìka mi ti kan ìka ìyá náà. Ó funfun, ó sì tutù ju irin orí tábìlì lọ; mo rò pé òtútù ọjọ́ náà ló ṣe é.

Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn wa. Floyd Penner ni, bàbá àgbàlagbà kan tó ń ta ọta àlòkù, olóòótọ́ èèyàn tí òtítọ́ kò jẹ́ kó ní nǹkan kan. "Màámi," ó bẹ̀rẹ̀, "ẹ má tíì..."

Verlin gbé ọwọ́ lé èkù náà, ó na ìka kan sókè láìbojú wẹ̀yìn. "Ọwọ́ mi wà lórí ẹ̀, Floyd."

Floyd gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì. Verlin mí kanlẹ̀. Ojú rẹ̀ rọ̀ bí ojú pásítọ̀ létí sàréè. "Ike ni, màámi," ó ní. "Ẹ má bínú."

Ìka ìyá náà ṣí lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí okùn já, èkù sì bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ Verlin. Ìyá náà kò gba owó tó nà sí i. Ó sorí kọ́, ó ń sunkún. "Ìwọ lo fẹnu ara rẹ sọ ọ́," ó ní. "Ọlọ́run gbọ́ ọ. Èmi kọ́." Ó jáde bọ́ sínú yìnyín, kò padà wá kó ṣíbí rẹ̀.

"Ẹkún ọkọ ló ń sun," Verlin wí fún mi. Ó padà sí tábìlì rẹ̀, ó ń fi imú kọrin. Ó fẹ́ tú ìṣó rẹ̀ kó lè wo inú awẹ́ náà, níbi tí àwọn tó ń ṣe ìbọn láyé àtijọ́ ti máa ń kọ nọ́ńbà ìbọn tí wọ́n gbẹ́ èkù fún. Ó fẹ́ gbé e sílẹ̀ kó lè mú irinṣẹ́. Ìka rẹ̀ kò ṣí.

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀rín sì tán lójú rẹ̀. "Nadine, bá mi fa ìka yìí." Mo fà á. Mo da òróró tí mo fi ń kun awọ sí i. Mo fi ìdí ṣíbí Ìyá Brungardt tẹ̀ ẹ́ sókè títí ṣíbí fi tẹ̀. Ní gbogbo ìgbà yẹn, mò ń mọ̀ ọ́n lára bí ọwọ́ Verlin ṣe ń tutù lábẹ́ ọwọ́ mi, tí èkù náà sì ń gbóná sí i.

Ọkọ̀ akẹ́rù mi la gbé lọ sí oko Brungardt. Ìyá náà ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ nínú òtútù yẹn, ó ti gbé ife mẹ́ta kalẹ̀ àti búrẹ́dì dídùn tí wọ́n ká bí òṣùká. Ó mọ̀ pé a ń bọ̀.

"Ẹ gba nǹkan yín," Verlin wí. "Mi ò rà á mọ́."

"O ti rà á, ọmọ mi. Jókòó."

Verlin gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé tábìlì. Ó dún kò bí ìgbà tí wọ́n gbé ife kalẹ̀. Láti ìka dé ọrùn ọwọ́ ló funfun, ara rẹ̀ ń dán, ilà wínníwínní sì dábùú ara wọn lórí èékánná rẹ̀ bí ẹní. Èèyàn burúkú ni Verlin, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ rẹ̀: ó yọ gíláàsì rẹ̀ jáde, ó fi wò ó. Nígbà tó gbé e kúrò lójú, ètè rẹ̀ ti gbẹ.

"Ọkọ mi rà á lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Oklahoma," ìyá náà sọ. "Ọkọ mi náà ní ike ni. Funfun yìí bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń gun apá lọ. Wọ́n gé ọwọ́ náà fún un nílé ìwòsàn. Nígbà tó lajú, ọwọ́ òsì rẹ̀ ni èkù náà wà. Ìgbà tó dé àyà rẹ̀, ó kú, ìka rẹ̀ sì ṣí. Mo gbé e. Àbúrò ọkọ mi bi mí pé kí nìyẹn, torí pé a fẹ́ pín ogún. Mo ní ike ni." Ó fi ọwọ́ òsì bu búrẹ́dì sẹ́nu, ó jẹ ẹ́; ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ so rọ̀ lábẹ́ ìborùn. "Ojúkòkòrò díẹ̀ báyìí, ọmọ mi. Díẹ̀ báyìí."

"Báwo ló ṣe ń lọ?"

"Ẹni tó bá mọ ohun tó jẹ́, tó sì fẹnu ara rẹ̀ sẹ́ ẹ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń lọ. Kò sí ọ̀nà míì. Láti ìgbà ìkórè ni mo ti ń jókòó káàkiri ọjà. Olóòótọ́ ti pọ̀ jù láyé. Nígbà tó sú mi, mo béèrè lọ́wọ́ wọn pé ta ni òpùrọ́ tó mọ èkù jù, orúkọ kan náà ni gbogbo wọn dá."

Nínú ọkọ̀ bí a ṣe ń padà, Verlin na ọwọ́ náà sí mi. "Nadine, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Sọ pé ike ni. Nítorí Ọlọ́run."

"Eyín erin ni, Verlin," mo ní, mo tẹjú mọ́ ọ̀nà. Kí n má tàn yín, inú mi dùn. Mo rántí àwọn opó yẹn, àti bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni Verlin ṣe di ẹni tó ń jókòó retí olè. Ó wọ gíláàsì dúdú, ó sọ fún gbogbo ayé pé ojú òun ti fọ́, pé làkúrègbé ló mú òun lọ́wọ́, kó lè wọ àwọn oníjìbìtì lójú. Ó gbé ọwọ́ lé orí tábìlì, èkù nínú rẹ̀, ogún dọ́là péré. Tí ẹnikẹ́ni bá dúró, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ríran mọ́. Ẹ bá mi wò ó. Kí lèyí?"

Ẹ̀yin ará, mi ò mọ̀ pé ọjà wa ní olóòótọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fín ara rẹ̀ káàkiri, tí mo rò pé ọlọ́ṣà ni, wò ó tán, ó sì kúnlẹ̀ ti Verlin. "Bàbá, ẹ má tà á o! Eyín erin ni. Ìkà lè rẹ́ yín jẹ." Verlin pòṣé sí i. Floyd Penner sunkún nítorí ojú Verlin tó fọ́, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ àwọn alábòójútó, ó kéde fún gbogbo ilé pé eyín erin ni ohun tó wà lọ́wọ́ Verlin afọ́jú, kí ẹnikẹ́ni má yàn án jẹ. Mo wọ abẹ́ tábìlì lọ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Verlin, òtítọ́ bá a tán, ó tún gbé àga jókòó tì í.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín mi kò tọ́jọ́. Funfun yẹn kọjá ìgbọ̀nwọ́, ó dé èjìká. Ọwọ́ tó ń gbẹ́ màlúù kò lè gbẹ́ ohunkóhun mọ́. Ó ń mí kúkúrú, bí ẹni tó gun òkè. Darla ń pè é lórí fóònù, kò gbé e. Ó ránṣẹ́ sí i pé kó má wá sí Ellery, pé ara òun yá.

"Bó bá pa mí, kó pa mí," ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan tí a jọ ń jẹ ẹ̀wà aláta. "Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ Darla. Mo kọ́ ọ dáadáa jù, Nadine." Àánú rẹ̀ ṣe mí lọ́jọ́ yẹn, tọkàntọkàn.

Yìnyín ti ń yọ́, ẹrẹ̀ sì ti gba ẹnu ọ̀nà, nígbà tí Darla wọlé. Wọ́n ti ròyìn afọ́jú fún un. Ó sáré dì mọ́ bàbá rẹ̀, ó sunkún lórí rẹ̀, ẹkún gidi.

"Dádì, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Ṣé ọmọ òde ni mo jẹ́ ni? Ẹ gbé ọwọ́ yín wá kí n rí i."

Verlin ti fi ọwọ́ pamọ́ sábẹ́ tábìlì. Darla fà á jáde fúnra rẹ̀, ó gbé e sínú ìmọ́lẹ̀. Ó rí èkù náà. Lójú kan náà ló dákẹ́. Mo mọ ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ẹ̀yìn tábìlì mi ló ti kọ́ ọ.

"Kí lẹ dì mú yìí, Dádì?"

Èmi ń wo Verlin. Ó yẹ kó sọ pé, sá lọ. Ó yẹ kó sọ pé, eyín erin ni, gbogbo ayé ló mọ̀. Ó fi ọwọ́ òsì kan àyà rẹ̀ níbi tí òtútù ti dé, ó sì gbójú kúrò.

"Ojú mi ti lọ, Darla," ó ní. "Mi ò mọ ohun tó jẹ́. Wò ó fún mi."

Darla yọ gíláàsì tirẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọwọ́ bàbá rẹ̀.

"Darla!" mo pariwo. "Má sọ̀rọ̀! Kọ́kọ́ wá síbí!"

Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé èkù náà, ó sì na ìka kan sókè láìbojú wò mí. "Ọwọ́ mi wà lórí ẹ̀, Àǹtí Nadine." Ó rò pé mo fẹ́ já a gbà ni. Àwọn tó wà nítòsí yíjú sí mi, inú wọn kò dùn, torí pé mo ti rú òfin. Mo tún la ẹnu. Ẹnì kan gbá mi léjìká mú pé kí n dákẹ́.

Ojú Darla rọ̀. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e. "Ike ni, Dádì," ó ní. "Ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e kúrò nílẹ̀."

Ìka Verlin ṣí. Ó mí, èémí gígùn kan tó dún káàkiri ilé, èémí ẹni tí wọ́n fà yọ nínú omi. Ó yọ gíláàsì dúdú kúrò, ó sì wo ọmọ rẹ̀ lójú.

"Ẹ ń ríran," Darla wí.

"Ìwọ náà ń ríran," bàbá rẹ̀ dá a lóhùn.

Àga Verlin ni Darla ń jókòó lé báyìí. Òun náà ti lọ sí oko Brungardt. Ìyá náà gbé kọfí fún un, ó sọ ohun tó sọ fún wa. Darla ò wọ gíláàsì dúdú, kò parọ́ ojú fífọ́, torí pé kò sí ẹni tí kò gbọ́ ìtàn náà ní apá ibi tiwa. Àwọn èèyàn máa ń rọ́ wá wo èkù náà, wọ́n á fi ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n á sọ ọ́ sókè kedere pé eyín erin ni, wọ́n á sì lọ. Kò sí ọjà tí òtítọ́ pọ̀ sí tó tiwa ní gbogbo Kansas.

Verlin máa ń gbé oúnjẹ wá fún un. Apá ọ̀tún rẹ̀ so rọ̀ dé èjìká, funfun, kò sì ní bọ̀ sípò láéláé, ṣùgbọ́n kò gòkè mọ́; ẹ̀jẹ̀ ti padà sí ojú rẹ̀, ó sì ń sanra. Ìgbà tó wá kẹ́yìn, òtútù ti dé egungun àyà Darla. Kò lè jókòó ṣánṣán mọ́. Ó na èkù náà sí bàbá rẹ̀, ìdí rẹ̀ síwájú, ẹní wínníwínní yẹn sì ń dán nínú ìmọ́lẹ̀. Lórí èékánná Darla náà, ẹní wà níbẹ̀.

"Dádì," ó ní, jẹ́jẹ́. "Ẹ kọ́ mi. Kí lèyí?"

Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ọ̀rọ̀ tó ti sọ fún àìmọye opó láìṣẹ́jú. Floyd gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. Verlin la ẹnu. Ó wo ọmọ rẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀, omijé gidi, mo lè búra sí i.

"Eyín erin ni, ọmọ mi," ó ní. "Eyín erin gidi ni. Má tà á fún ẹnikẹ́ni."

Darla kò bú u. Kò tilẹ̀ wò ó mọ́. Ó yíjú sí mi, èmi tí mo máa ń fa àṣẹ́kù súìtì yọ nínú irun rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré, ó sì na ọwọ́ náà kọjá sórí tábìlì mi.

"Ẹ̀yin ńkọ́, Àǹtí Nadine?"

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Mo wò ó dáadáa, mo fara balẹ̀, bí ẹni tí kò rí i rí. Ó gbóná lójú mi bí èémí ọmọdé.

Mo ní eyín erin ni.